Bí Ó Ti Yẹ Kí Akọ̀ròhìn Ẹgbẹ́ Máa Kọ Ìròhìn Òṣèlú àti Ìdìbò

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo ẹgbẹ́ wa bá àwọn akọ̀ròhìn wọ́ọ̀dù sọ ní Palmgrove, Èkó)

 

Ọ̀rọ̀ tí a pè yín sí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìwé ń ti wọ́ọ̀dù wọlé sí ọwọ́ wa. Nínú wọn ni a ti ń kà pé omilẹgbẹ èrò wá sí ìpàdé wa. Pé ọ̀tá ìlú ni ẹni tí ń bá wa díje. Pé "wọ́n" ti jí àpótí ìbò gbé. Ẹni tí ó kọ̀wé bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ẹgbẹ́. A kò ṣiyèméjì nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ẹgbẹ́ nìkan kò tó ohun tí a fi ń kọ ìròhìn.

Ta ni à ń kọ̀wé sí? Kì í ṣe ẹni tí ó ti wà lẹ́yìn wa tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó dúró ní ibùdókọ̀ Palmgrove ní òwúrọ̀ ni, tí ó ń ka ìwé ìròhìn wa lórí ìdúró, tí kò tíì pinnu ẹni tí yóò dìbò fún. Bí ó bá bá irọ́ kan ṣoṣo pàdé nínú rẹ̀, nípa ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi ojú rí ní àdúgbò rẹ̀, kò ní gba òótọ́ mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e gbọ́ mọ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí ẹ mú ohun mẹ́ta lọ sílé lónìí: kí a kọ ohun tí a rí, kí a kọ iye rẹ̀, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́.

OHUN TÍ ÌTÀN FI HÀN

Iṣẹ́ ìròhìn kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, ní èdè Yorùbá. Ní ọdún kan náà ni a dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Bàríga níhìn-ín lónìí. Ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ náà, Thomas Babington Macaulay, ni baba Herbert Macaulay, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, nígbà tí Èkó ń múra láti yan aṣojú sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ìdìbò ti ìgbà náà kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn: ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un ní ọdún kò dín ní £100 nìkan ni ó lè dìbò. Síbẹ̀ àwọn ìwé ìròhìn Yorùbá gbéra sọ láti bá ará ìlú sọ̀rọ̀: Èkó Àkéte ní 1922, Elétí Ọfẹ ní 1923, Akéde Èkó ní 1928.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Macaulay fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ìwé ìròhìn ẹgbẹ́. Ìjọba ti lé Ẹlẹ́kọ Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó ní 1925, Macaulay sì ń jà kí a dá a padà. Ìjà òdodo ni. Ṣùgbọ́n ní 1928, ìwé ìròhìn rẹ̀, Lagos Daily News, tẹ àhesọ kan jáde pé a ń gbìmọ̀ láti pa Ẹlẹ́kọ. Kò sí ẹ̀rí. Ìjọba mú un lọ sí kóòtù, wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Kí ni ó wá dá Ẹlẹ́kọ padà sí Èkó ní 1931? Àwọn lọ́yà ni, tí wọ́n fi ìwé àti ẹ̀rí gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Àhesọ sọ olórí ẹgbẹ́ sí ẹ̀wọ̀n; ẹ̀rí ni ó gba ọba sílẹ̀. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún Macaulay, ta ni nínú wa tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ fún?

Ìkánjú náà ní ẹ̀san tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní 1948, ìwé ìròhìn Chicago Tribune kò dúró de èsì ìdìbò Ààrẹ. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé Dewey ti borí Truman. Nígbà tí a ka ìbò tán, Truman ni ó wọlé. Ó gbé ìwé ìròhìn náà sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn ayàwòrán sì ya á. Àwòrán yẹn kò parẹ́ títí di òní.

Ẹ̀rín ni ti Amẹ́ríkà. Ẹkún ni ti wa. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ṣómólú àti Bàríga wà. Nítorí náà ìdìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965 kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìbàdàn nìkan. Ọ̀rọ̀ ìlé yìí ni. Ẹgbẹ́ tí ó wà lórí ìjọba kéde pé òun ni ó wọlé; àwọn alátakò náà kéde èsì tiwọn pé àwọn ni. Èsì méjì fún ìdìbò kan! Ará ìlú kò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́, olúkúlùkù sì gba èyí tí ó wù ú. Láti inú rẹ̀ ni "wẹ́tìẹ̀" ti bẹ́ sílẹ̀: a sun ilé, a sun mọ́tò, a sun ènìyàn. Nígbà tí ó di ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn sójà gba ìjọba. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, a dìbò fún Ààrẹ. Ìjọba ológun fagi lé e ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, kí a tó kéde ẹni tí ó wọlé. Ta ni kò wá mọ̀ lónìí pé M. K. O. Abíọ́lá ní ìbò 8,341,309, tí Bashir Tofa sì ní 5,952,087? Báwo ni a ṣe mọ̀ ọ́n? Nítorí pé ní gbangba ni a ti ka ìbò ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn akọ̀ròhìn sì tọ́jú rẹ̀. Ìjọba lè fagi lé ìdìbò; kò lè fagi lé iye tí a ti kọ sínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ìwé. Ní 2018 ni Ìjọba Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ wá sọ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà di Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa. Ìyẹn ni agbára gègé tí ó kọ iye tí ó rí.

ORÚKỌ ÀTI OYÈ

Òfin wa àkọ́kọ́ nìyí: ẹni tí ń bá wa díje ní orúkọ. Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú oyè rẹ̀, bí ẹ ti ń pe tiwa. Bí tiwa bá jẹ́ Olóyè Lágbájá, tiwọn kì í ṣe "Tàmẹ̀dò kan báyìí". Yorùbá mọ ibi tí ọ̀wọ̀ ń fara pa mọ́ sí nínú èdè. Bí ẹ bá kọ nípa olórí wa pé "wọ́n dé, wọ́n sì sọ̀rọ̀", tí ẹ sì kọ nípa olórí ẹgbẹ́ kejì pé "ó dé, ó sì sọ̀rọ̀", òǹkàwé ti gbọ́ èébú náà bí ẹ kò tilẹ̀ bú ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé ìròhìn yìí, "ó" ni a óò máa lò fún olúkúlùkù nínú ìròhìn, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe káńsẹ́lọ̀. Ẹ fi ìbọ̀wọ̀ fún àgbà hàn nípa pípe oyè rẹ̀ pé.

"Alátakò" ni ẹgbẹ́ kejì. Kì í ṣe "ọ̀tá". Ẹni tí ó ti ẹgbẹ́ wa bọ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn "kúrò ní ẹgbẹ́". Kì í ṣe "ọ̀dàlẹ̀". Ẹni tí ọlọ́pàá mú ni "ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn", títí kóòtù yóò fi dá a lẹ́bi. Kì í ṣe "olè". Olùdíje ṣì jẹ́ olùdíje títí a ó fi kéde rẹ̀. A kì í pè é ní alága nítorí pé a fẹ́ kí ó di alága.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ ogun pẹ̀lú. Àwọn kan nínú yín fẹ́ràn láti kọ pé a "gbo ewúro sí wọn lójú", pé a "fi àgbá hàn wọ́n", pé a "pa wọ́n run" ní Onípáànù. Ìdìbò kì í ṣe ogun. Ẹni tí a ní a pa run ní ọjọ́ Sátidé ni a ó jọ wọ mọ́tò kan náà ní ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú tí òkìkí rẹ̀ kàn yíká Èkó kò mọ ẹgbẹ́. Póstà tiwa àti tiwọn a máa jáde láti abẹ́ òrùlé kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà a sì máa gé etí wọn. "Ó wọlé" tó. "Ó borí" tó.

"WỌ́N" ÀTI "A GBỌ́ PÉ"

Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó ń da ìròhìn wa láàmú tó "wọ́n". "Wọ́n jí àpótí ìbò." Ta ni wọ́n? Mélòó ni wọ́n? Aago mélòó ni? Ní ibùdó wo? Ta ni ó rí wọn? Èdè wa fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ. Akọ̀ròhìn kò gbọdọ̀ sá pamọ́ sí ibẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́: "Ọkùnrin mẹ́rin wọ ibùdó ìdìbò ní aago 11 òwúrọ̀, wọ́n gbé àpótí méjì lọ, òṣìṣẹ́ ìdìbò ní ibẹ̀ ni ó sọ fún wa." Bí ẹ kò bá mọ̀ ju pé àpótí kò sí níbẹ̀ mọ́, ohun tí ẹ mọ̀ nìyẹn, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"A gbọ́ pé" bákan náà. Láti ẹnu ta ni a ti gbọ́? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀sùn tí ẹ bá kọ nípa ẹnikẹ́ni, ẹ wá a lọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀sùn náà. Bí ó bá kọ̀ láti sọ̀rọ̀, ẹ kọ pé a béèrè, kò sì fèsì.

IYE ÈNÌYÀN ÀTI IYE ÌBÒ

Ní ti èrò ìpàdé, ẹ má kọ "omilẹgbẹ" mọ́. Ẹ ka àga, ẹ ka ìlà, kí ẹ sọ pé "nǹkan bí 300". Ẹni tí ó wà níbẹ̀ yóò ka ìwé ìròhìn náà, yóò sì mọ̀ bóyá ojú wa ríran.

Ní ti ìbò, ẹ fi nọ́ńbà kọ ọ́, kí ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́. Ẹwà ń bẹ nínú òǹkà Yorùbá, ṣùgbọ́n òǹkàwé kò gbọdọ̀ máa yọ okòó kúrò nínú irínwó kí ó tó mọ ẹni tí ó wọlé. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ìwé èsì tí INEC ń pè ní Fọ́ọ̀mù EC8A. Ẹ kọ iye àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò, iye àwọn tí a yẹ̀ wò tí a sì gbà láti dìbò, iye ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti iye ìbò tí kò wúlò. Lẹ́yìn náà, ẹ rò wọ́n pọ̀. Bí àròpọ̀ ìbò bá ju iye àwọn tí a yẹ̀ wò lọ, ìròhìn ńlá ni ẹ mú lọ́wọ́ yẹn, ìbáà ṣe pé àwa ni ó wọlé níbẹ̀. Ẹ wo bí aṣojú ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kọ iye wọn.

Ẹ mọ ìlú yín dájú. Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 ka ìjọba ìbílẹ̀ 20 fún Ìpínlẹ̀ Èkó, Ṣómólú sì wà nínú wọn. Ní 2003 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ dá ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37 sílẹ̀ kún wọn, Bàríga sì jẹ́ ọ̀kan. Nítorí náà, nígbà tí INEC bá ń ka ìbò Ààrẹ tàbí ti gómìnà, inú Ṣómólú ni ó ń ka ti Bàríga sí. Nígbà tí LASIEC bá ń ṣe ìdìbò ìbílẹ̀, Bàríga a yan alága tirẹ̀, Ṣómólú a sì yan tirẹ̀. Akọ̀ròhìn tí kò mọ èyí yóò da omi pọ̀ mọ́ epo. Palmgrove òun Ìjẹ̀bú-Tẹ̀dó jẹ́ wọ́ọ̀dù kan nínú ìwé INEC. Onípáànù jẹ́ òmíràn. Ẹ má kọ "ní agbègbè Palmgrove" nígbà tí ẹ lè dárúkọ wọ́ọ̀dù àti ibùdó.

Ẹ kọ iye méjèèjì, èyí tí ó dùn àti èyí tí kò dùn. INEC kéde fún Ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìdìbò Ààrẹ ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023 pé LP ní 582,454, APC sì ní 572,606. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 9,848. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, nínú ìdìbò gómìnà, APC ní 762,134, LP sì ní 312,329. Ìwé ìròhìn tí ó bá tẹ ọ̀kan, tí ó sì fi ìkejì pamọ́, kò purọ́ nípa nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ó purọ́ nípa Èkó.

"A KÉDE" KÌ Í ṢE "A YÀN"

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kò jọ ara wọn: ará ìlú ni ó ń dìbò, àjọ ni ó ń kéde, kóòtù ni ó sì ń dájọ́ bí ẹnikẹ́ni bá tako ìkéde náà. Lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025, LASIEC kéde pé APC wọlé ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìdàgbàsókè 57 ní Èkó. Akọ̀ròhìn tí inú rẹ̀ dùn sí i àti èyí tí inú rẹ̀ bàjẹ́ sí i gbọ́dọ̀ kọ ohun kan náà ní ìlà àkọ́kọ́: LASIEC ni ó kéde rẹ̀, ọjọ́ báyìí, iye báyìí. Bí ìlà olùdìbò bá gùn, ẹ kọ bí ó ti gùn tó. Bí òṣìṣẹ́ ìdìbò bá jókòó tí kò rí ẹni dá lóhùn, ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹni tí ó bá ní a rẹ́ òun jẹ, ẹ kọ ohun tí ó wí àti ohun tí ó fi hàn bí ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ yòókù, ibi èrò olóòtú ni ààyè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé mọ ibi tí ìròhìn parí sí, kí ó sì mọ ibi tí èrò wa ti bẹ̀rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ kọ pé a wọlé kí a tó kéde rẹ̀. Òfin Ìdìbò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn kéde èsì tí ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ sí òfin, 1965 tó fún wa ní ìkìlọ̀.

Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀YÀ

Ẹ wo Ṣómólú àti Bàríga. Àwọn Ìlàjẹ wà létí ọ̀sà. Ìjẹ̀bú wà, Ẹ̀gbá wà, Ìgbò wà, Hausa wà. Ní ọjọ́ ìdìbò gómìnà ní 2023, a dún mọ̀huru-mọ̀huru mọ́ àwọn olùdìbò kan ní Èkó nítorí ojú wọn àti orúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà fún igi àti òkúta. Nítorí náà, a kò ní kọ ìlú tí ènìyàn ti wá àfi bí ìròhìn náà kò bá yé ni láìsí i. A kò ní pe olùdìbò ní "àlejò" ní ibi tí ó ti ń san owó ilé, tí ó sì ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí òfin ti wí. Olùdìbò ni orúkọ rẹ̀ lójú wa.

LẸ́YÌN ÌDÌBÒ

Ẹ má rò pé ọjọ́ ìdìbò nìkan ni òṣèlú. Ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìwòsàn àdúgbò, kíkó ìdọ̀tí, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀: iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n. Bí alága bá ṣí gọ́tà kan, ẹ má kọ àwọn tí ó jó níbẹ̀ nìkan. Ẹ béèrè iye owó tí a ná, ẹni tí ó gba iṣẹ́, àti ìgbà tí yóò parí. Kí ẹ padà lọ nígbà òjò, kí ẹ wo bóyá omi ń kọjá nínú rẹ̀. Bí alága náà bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an.

Èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin àgbà. Ọ̀dọ́ tí a ń kọ́ yìí yóò padà sí wọ́ọ̀dù. Ní alẹ́ ọjọ́ ìdìbò, olórí kan yóò pè é pé kí ó kọ ọ́ pé a ti wọlé. A bẹ̀ yín, ẹ má fi í sí ipò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí a bá fi yín sí i, ẹ kúnlẹ̀ bí ó bá yẹ, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé èsì." Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi owó lé yín lọ́wọ́ nítorí ìròhìn, ìbáà ṣe tiwa, ìbáà ṣe tiwọn, ẹ dá a padà ní ojú ẹlẹ́rìí. Bí olórí wọ́ọ̀dù bá bínú sí yín nítorí òótọ́ tí ẹ kọ, ẹ wá bá wa. Àwa ni a rán yín.

Bí àṣìṣe bá sì bọ́ sínú ìwé ìròhìn, a ó tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ní ojú ìwé tí ó ti kọ́kọ́ jáde, ní lẹ́tà tí ó hàn ketekete.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹgbẹ́ kejì kò ní òfin bẹ́ẹ̀, pé wọn yóò máa purọ́ mọ́ wa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. A ń fẹ́ kí ará Bàríga tí kò fẹ́ràn wa, nígbà tí àríyànjiyàn bá dé lórí èsì ìdìbò, kí òun náà wí pé, "Ẹ mú ìwé ìròhìn ẹgbẹ́ yẹn wá, kí a wo iye tí wọ́n kọ." Ní ọjọ́ náà ni ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ àti fún ìlú.

Ẹ padà sí wọ́ọ̀dù yín ní àlàáfíà. Ẹ mú ìwé àti gègé lọ́wọ́.